Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò? Àyẹ̀wò Àwo Orin “Super Afro Soul” ti Orlando Julius

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ orin Yorùbá bá délẹ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ èdè yìí àti àwa tí a ń fi kọ́ni, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, ẹ̀sà egúngún, àti, fún àwa ará Èkìtì, alámọ̀ tí àwọn obìnrin wa ń dá. Ohun tí ó tọ́ ni, èmi kò sì ní ohunkóhun láti sọ lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí a kì í sábà yà sí, èyíinì ni ilé àwọn olórin òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tí wọ́n gbé gìtá àti fèrè òyìnbó lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọrin sí i. Àwọn kan nínú wa gbà pé irú orin bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí à ń jókòó tì yẹ̀ wò. Wọ́n ní àmúlùmálà ni, pé kò kúkú jẹ́ ti ẹnì kankan. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe mú gègé. Mo fẹ́ mú ọ̀kan nínú irú àwọn àwo bẹ́ẹ̀, èyí tí ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ Èkìtì ṣe ní ọdún 1966, kí n fi òṣùwọ̀n èdè wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yin òǹkàwé sì fúnra yín dá ẹjọ́ rẹ̀. Orúkọ àwo náà ni “Super Afro Soul”; ẹni tí ó ṣe é ni olóògbé Orlando Julius.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1943 ni a bí Orlando Julius Ekemode ní Ìkòlé-Èkìtì. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀, oníṣòwò sì ni wọ́n. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn orin àti ijó. Bí ìyá bá ń kọrin, ọmọ a máa lu ìlù sí i. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1957, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì kọrí sí Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, tí ó ń lu ìlù, tí ó sì ń fọn fèrè pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olórin, títí ó fi mọ sakisofóònù í fọn. Ó bá Eddy Okonta ṣeré, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá orin háíláìfù nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè ní Modern Aces. Òtẹ́ẹ̀lì Independence ní Ìbàdàn ni ibùdó wọn. Ní ọdún 1965 ni orin rẹ̀ kan, “Jagua Nana”, sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀; nígbà tí ó di ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ Philips gbé “Super Afro Soul” jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré ni.

Ìbàdàn tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá kì í ṣe ìlú tí ó sùn. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1948. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1959, kí ó tó dé ibòmíràn ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Mbari, ti àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ayàwòrán, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1961. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akọ̀wé, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti awakọ̀ a máa pàdé ní ilé ijó. Orin tí wọ́n ń jó sí ni háíláìfù, tí ó ti ilẹ̀ Ghana wá, àti jùjú, tí àwọn ọmọ Èkó dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè. Àárín àwọn wọ̀nyí ni àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà bọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní soul.

Orin soul yìí, inú ilé ìsìn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ray Charles àti James Brown wà lára àwọn tí wọ́n kó igbe, ìkérora àti àtẹ́wọ́ ilé ìsìn jáde wá sí gbàgede ijó, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rọ́pò ọ̀rọ̀ ìyìn. Bí a bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, a ó gbọ́ pé ẹnì kan ni ó ń lé, àwọn mìíràn ni wọ́n ń gbè. Lílé àti gbígbè kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ojúde ìyàwó tàbí ní ìdí egúngún rí. Àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà ni baba ńlá àwọn tí wọ́n dá orin náà sílẹ̀, a sì mọ̀ pé àwọn Yorùbá wà nínú àwọn tí a kó lọ. Nítorí náà, nígbà tí soul dé Ìbàdàn, àlejò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò tí ojú rẹ̀ jọ ti àwọn ará ilé ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi àwo yìí kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí àlejò yìí wọlé, ta ni ó jẹ́ onílé? Nítorí pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí a gba àlejò. Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ohun tí ó burú ni kí àlejò di onílé, kí onílé wá máa tọrọ ààyè tí yóò jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí pé orúkọ a máa ro ọmọ. “Super Afro Soul” ni ó wà lára páálí àwo náà. Gẹ̀ẹ́sì ni; nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú irú àpólà bẹ́ẹ̀ ni olórí, àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kàn ń yán an ni. Soul ni olórí níhìn-ín. “Afro” ń sọ irú soul tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá ka páálí nìkan yóò wí pé àlejò ti gba ilé. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àwo jáde kúrò nínú páálí, ẹ ó bá orin kan tí ó ń jẹ́ “Ijó Soul”. Gírámà Yorùbá kò rí bí ti Gẹ̀ẹ́sì: olórí ni ó ń ṣáájú, ẹ̀yán ni ó ń tẹ̀lé e. A ń sọ pé ijó bàtá, ijó dùndún, ijó gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú gbogbo wọn, ijó ni a ní lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ń sọ irú èyí tí ó jẹ́ fún wa. “Ijó Soul” tẹ̀lé ìlànà yìí gẹ́lẹ́. Kò sọ pé kí a wá di ará Amẹ́ríkà. Ohun tí ó sọ ni pé agbo ijó wa, tí ó ti ní bàtá àti dùndún nínú, ti ní ọmọ kan sí i, soul sì ni orúkọ ọmọ náà. Páálí kọ ojú sí ọjà. Orin kọ ojú sí ilé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni orúkọ orin yìí, síbẹ̀ ó sọ ẹni tí ó jẹ́ onílé.

Ẹnì kan lè wí pé orúkọ lásán kò tó ẹ̀rí. Mo gbà. Ẹ̀rí kejì wà nínú ohùn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé èdè wa jẹ́ èdè olóhùn, pé ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì mú orin ìsìn wọn dé, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a ní ilẹ̀ òyìnbó. Ìyọrísí rẹ̀ ni pé orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń sọnù lójú ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni T. K. Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní ilé ìsìn Cathedral Church of Christ ní Èkó, ṣe ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ọ̀ràn ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin yìí sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó kan án lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé Ọlọ́run ni a ti lè ṣi ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ wo bí yóò ti rọrùn tó láti ṣì í nínú ilé ijó, níbi tí olórin soul ti ń ké, tí ó ń fa ohùn, tí ó sì ń yí i po bí ó ti wù ú.

Níbi yìí ni ọgbọ́n Orlando Julius ti hàn sí mi jùlọ. Orin kan wà nínú àwo náà tí ó ń jẹ́ “Má Pa Mí”. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, gbogbo wọn kúkúrú: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn òkè. Bí orin bá yí wọn síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, ẹ̀bẹ̀ náà yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò láti mú ìwé dání kí ó tó mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ni ó ń tọ́ orin sọ́nà. Igbe àti ìgbóná soul kò kúkú sọnù. Fèrè ni ó kó púpọ̀ nínú wọn rù. Olórin á wí tirẹ̀ tán, fèrè á dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́gbè ti ń dá ẹni tí ó ń lé lóhùn. Fèrè kò ní ohùn ọ̀rọ̀ tí yóò bàjẹ́, nítorí náà ó lè ké bí ó bá ti wù ú. Ó fún àlejò ní àga tí ó bá a mu, kò sì jẹ́ kí ó jókòó sórí àga baba.

Ẹ̀rí kẹta wà nínú bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Orin mìíràn nínú àwo náà ń jẹ́ “Bojubari”. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí orúkọ yìí yóò ti mọ apá kejì rẹ̀ kí ó tó gbọ́ orin: bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ìdajì òwe ni ó fi sọ orin lórúkọ, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún wa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Èyí kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ orin lórúkọ ní Detroit. Ọ̀nà tí a fi ń sọ ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù lórúkọ ní Ìbàdàn àti ní Adó-Èkìtì ni, níbi tí ìdajì òwe tí a kọ sí iwájú mọ́tò ti ń bá gbogbo ẹni tí ó ń kọjá sọ̀rọ̀, tí ẹni tí a sì torí rẹ̀ kọ ọ́ mọ ara rẹ̀.

Mo ti sọ ohun tí ó dára. Ẹni tí ó bá ń ṣe àyẹ̀wò tí kò sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí, oríkì ni ó ń ki. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ìdáná. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà da nǹkan pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni àdàlú: ẹ̀wà àti àgbàdo wà nínú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n bí a bá bù ú sínú àwo, ojú ṣì ń rí ẹ̀wà, ojú ṣì ń rí àgbàdo, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ọ̀kan lè ṣà á kúrò. Èkejì ni ata ọbẹ̀: a kó tàtàṣé, rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà sórí ọlọ, a lọ̀ wọ́n, bí a bá lọ̀ wọ́n tán, kò sí ẹni tí ó lè na ìka pé àlùbọ́sà rèé. Méjèèjì ni oúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó sè wọ́n.

Nínú “Super Afro Soul”, méjèèjì ni a rí. Orlando Julius kọ orin “My Girl” nínú àwo náà, orin tí Smokey Robinson àti Ronald White kọ fún àwọn Temptations, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ sì tutù. Síbẹ̀, àdàlú ni. Bí a bá ṣà á kúrò nínú àwo náà, àwọn orin yòókù kò ní mọ̀ pé ó ti lọ. Ó fi hàn pé ọmọ Ìkòlé lè ṣe ohun tí àwọn ti Detroit ń ṣe. Ìwúrí ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó ń jó ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwúrí kì í pẹ́ títí bí iṣẹ́ ọnà. “Ijó Soul” ni ata tí ó kúnná. Ìlù rẹ̀, fèrè rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ ara wọn débi pé bí a bá fẹ́ yọ ti Amẹ́ríkà kúrò, a kò ní mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kí àwo yìí tó jáde. Ẹ wo “Jagua Nana” ti ọdún 1965. Cyprian Ekwensi, tí ó jẹ́ ọmọ Igbo, ni ó kọ ìwé ìtàn-àròsọ tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1961. Ìtàn obìnrin arẹwà kan ní Èkó ni, tí ọjọ́ orí ti ń lé bá, tí kò sì fẹ́ kúrò lójú agbo. Orúkọ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará ìlú sọ di jagua, tí wọ́n fi ń pe ohunkóhun tí ó bá gbayì. Ọmọ tí a bí ní Èkìtì mú un, ó sọ ọ́ di orin ní Ìbàdàn. Ọkọ̀, ìwé, ìlú àti èdè mẹ́ta ti wọnú orúkọ kan ṣoṣo, àwọn tí ó ń jó kò sì béèrè ibi tí okùn ti so.

Mo mọ ẹjọ́ tí ó máa ń tẹ̀lé èyí. Àwọn kan yóò ní fèrè inú “Ijó Soul” jọ ti orin James Brown kan tí ó jáde ní ọdún 1965, pé àfarawé ni. Ó jọ ọ́. Ẹni tí ó ní etí kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n bí jíjọ bá ti tó láti pa iṣẹ́ rẹ́, a jẹ́ pé a ó kó púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń yangàn jù sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti tọ́ka sí ohun tí D. O. Fágúnwà rí kọ́ lára ìwé John Bunyan, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó wí pé “Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀” kì í ṣe ìwé Yorùbá, nítorí pé èdè tí ó gbé e ró kò ní ẹlẹ́gbẹ́ ní ilẹ̀ òyìnbó. I. K. Dairo, tí í ṣe Ìjẹ̀ṣà bí àwọn òbí Orlando Julius, mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì obìnrin sì fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1963. Kò sí ẹni tí ó wí pé Dairo di òyìnbó nítorí àkọ́díọ̀nù.

Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ tí kò jìnnà sí ẹnu, ẹ lọ sí Ìgbẹmọ-Èkìtì. Iṣu ni àwa Èkìtì fi ń yangàn. Ẹni tí kò jẹ iyán nílé wa kò tíì jẹun. Ìrẹsì kò ní irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn wa. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ìgbẹmọ gba ìrẹsì, wọ́n gbìn ín sí ilẹ̀ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú rẹ̀, títí ó fi di pé bí ẹnikẹ́ni bá ń pe ìrẹsì ilẹ̀ Èkìtì, ti Ìgbẹmọ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. A ń mọ̀ ọ́n nínú adùn rẹ̀ àti nínú òórùn rẹ̀ láti inú ìkòkò. Ta ni ó ń jókòó ti àwo ìrẹsì Ìgbẹmọ tí ó ń béèrè ibi tí baba ńlá irúgbìn náà ti wá? Ilẹ̀ tí ó hù lórí rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó ro ó ni ó sọ ọ́ di ti Ìgbẹmọ. Ìrẹsì tí a rà nínú àpò láti ẹ̀yìn odi, tí a kàn sè, kò lè jẹ́ orúkọ yẹn láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni “My Girl” rí sí “Ijó Soul”.

Ibi méjì ni àwo yìí kù sí lójú mi, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ “My Girl”. Èkíní, Yorùbá àjùmọ̀lò ni èdè rẹ̀. Ẹni tí a bí ní Ìkòlé, tí ó sì dàgbà níbẹ̀, kò fún wa ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì láti gbọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn kún fún Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn tí kì í ṣe Yorùbá rárá, ọjà sì ni ó ń sọ èdè tí a ó ná. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́mùrẹ́ Ògúnyẹmí, ọmọ Ẹmùrẹ́-Èkìtì, kọ orin Èkìtì ní ohùn Èkìtì sínú àwo, àwọn ènìyàn sì rà á. Èkejì, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ijó ni ó gba àwo náà jù. Ọdún 1966 kì í ṣe ọdún tí ó rọrùn ní ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Iná wẹtíẹ̀ ti jó ilé àti ènìyàn. Ìjọba ológun dé ní oṣù kìn-ín-ní. Ní oṣù keje ni wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà wa, ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn. A kò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ orin ijó pé kí ó di ìwé ìròyìn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá ohun tí irú orin yìí lè sọ nípa ìlú àti ìjọba ní láti dúró de Fela. Orlando Julius fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé Fela a máa wá sí Ìbàdàn wá gbọ́ ẹgbẹ́ òun ní àwọn ọdún náà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó la ọ̀nà kì í ṣe ẹni tí ó rìn ín dé òpin. Ìyẹn kò sì bu iṣẹ́ ẹni tí ó fi àdá là á kù.

Ohun tí ó mú kí n ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì nìyí. Ní ọdún 1974 Orlando Julius lọ sí Amẹ́ríkà, ó bá àwọn olórin ńlá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Hugh Masekela ọmọ South Africa sì wà lára wọn. Ní ọdún 1998 ó padà wálé. Ilé-iṣẹ́ Strut ní London ni ó tún “Super Afro Soul” tẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù fi gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó gbé “Jaiyede Afro” jáde ní ọdún 2014, èyí tí òun àti ẹgbẹ́ Heliocentrics ti London jọ ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ó kú. Inú mi dùn pé àwọn ará London tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní London yóò gbọ́ fèrè àti ìlù, kò ní gbọ́ ohùn òkè àti ohùn àárín inú “Má Pa Mí”. Yóò ka “Bojubari” bí orúkọ tí kò ní ìtumọ̀. Yóò rí “Ijó Soul”, kò sì ní mọ̀ pé gírámà ti dá ẹjọ́ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn, tiwa ni. Bí a kò bá ṣe é, ohun tí yóò kù ní orí ilẹ̀ ni páálí, níbi tí soul ti jẹ́ olórí. Ohun tí ó wà nínú páálí, níbi tí ijó ti jẹ́ olórí, yóò kú mọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ìwé gíga kéékèèké káàkiri Èkìtì, láti Adó dé Ìkòlé, láti Ìgbẹmọ dé Ẹmùrẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ ohùn, ẹ fi “Má Pa Mí” sí etí àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, kí wọ́n sì wò ó bí orin àti ọ̀rọ̀ bá jọ ń gòkè tí wọ́n sì jọ ń sọ̀. Nígbà tí ẹ bá dé orí àpólà-orúkọ àti ẹ̀yán, ẹ kọ “Ijó Soul” sára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ijó bàtá. Nígbà tí ẹ bá dé orí òwe, ẹ bi wọ́n léèrè apá kejì “Bojubari”. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, àwọn àgbà tí wọ́n jó sí orin yìí ní Ìbàdàn ṣì wà láàyè nínú àwọn ìdílé wa, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹ tètè lọ bá wọn.

Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orlando Julius kó ẹ̀ṣọ́ láti Ìkòlé, láti ìdí orin ìyá rẹ̀, ó gbé e dé Ìbàdàn, ó gbé e kọjá òkun. Ó pàdé àlejò kan ní ojú ọ̀nà, ó sì mú un wálé. Lójú tèmi, onílé ṣì ni onílé nínú àwo náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àlejò ni wọ́n fi lẹ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá rò pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó gbé àwo náà sí ẹ̀rọ, kí ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé yìí fún ọdún tí ń bọ̀.